Ẹ fọ́ ọkà fún màlúù, ẹ má lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun

Ìbéèrè: Mo ra akọ màlúù mẹ́fà ní ọjà Akínyẹlé, mo kó wọn wá sí Ìsẹ́yìn kí n lè bọ́ wọn sanra di Iléyá. Àgbàdo àti ọkà bàbà wà lọ́wọ́ mi láti oko. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń da ọkà bàbà fún wọn lódidi, bí mo ṣe dà á ni mo ń rí i nínú imí wọn. Ni mo bá kó àgbàdo àti ọkà bàbà náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìẹ, ó lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ni ọ̀kan nínú wọn ò fẹ́ jẹun mọ́, imí rẹ̀ ń ṣàn, ó sì ń hó. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ náà wà nínú oúnjẹ wọn. Ṣé kí n máa se ọkà náà ni, àbí kí n máa rẹ ẹ́? Mo tún rí fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ooru omi se àgbàdo, tí wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ṣé ohun tó yẹ kí n máa ṣe nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú èyí tó ń ṣàìsàn ká tó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ ló jọ ti màlúù tí ikùn rẹ̀ ti kan, nítorí pé sítáàṣì pọ̀ fún un lójijì, ó sì tún kúnná jù. Lónìí yìí, ẹ gbé ọkà àti èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò níwájú rẹ̀ pátápátá. Koríko gbígbẹ tó gùn, harawá ẹ̀pà tàbí pòpórò ni kó máa jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, títí imí rẹ̀ á fi dì, tí á sì máa jẹ àpọ́jẹ bó ṣe yẹ. Kí omi tó mọ́ má wọ́n ọn. Bó bá dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ dìde, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bó bá ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, tàbí tí ìhà òsì rẹ̀ wú, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ pe dókítà ẹran. Òun ló máa mọ̀ bóyá kí wọ́n rọ bicarbonate, iyọ̀ tó ń pa kíkan inú ikùn, sí i lẹ́nu, òun ló sì máa wọn èyí tó bá ara ẹran náà mu. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti sọ fún yín pé kí ẹ po kánún. Lóòótọ́, irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú kánún, àmọ́ iyẹ̀pẹ̀ àti àwọn iyọ̀ mìíràn náà wà nínú rẹ̀, òkúta kan ò sì jọ ìkejì. Kí ẹran máa lá a kò burú. Kí ẹ pò ó bí oògùn ni mi ò fọwọ́ sí. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọkà fún un láti ìsàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, kí ẹ sì máa wo pátákò rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ máa ń dun àwọn mìíràn nígbà tó bá yá.

Àwọn márùn-ún yòókù ń jẹ oúnjẹ kan náà. Ẹ gé ọkà tiwọn sí ìdajì títí ẹ ó fi tún un lọ̀.

Màlúù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń da ọkà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó kún inú ikùn ńlá rẹ̀, èyí tí àwọn alápatà ń gé ṣàkì lára rẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n á jẹ sítáàṣì inú ọkà, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ara màlúù á fa ásíìdì yẹn mu, òun ló sì fi ń sanra. Nítorí náà, ásíìdì kì í ṣe ọ̀tá. Bó ṣe ń yára dé ni wàhálà. Itọ́ tí màlúù ń gbé mì nígbà tó bá ń jẹ àpọ́jẹ ló máa ń pa oró rẹ̀, koríko gígùn ló sì ń mú ẹran jẹ àpọ́jẹ. Bí hóró ọkà bá wọlé ní fífọ́ sí mẹ́ta mẹ́rin, àwọn kòkòrò náà á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, itọ́ á sì máa bá a lọ. Bó bá wọlé bí èlùbọ́, wọ́n á rí gbogbo rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n pH inú ikùn ńlá (bó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó), tó máa ń wà láàrin 6 sí 7 nígbà tí ara ẹran bá le, á já wálẹ̀. Tó bá ti wà lábẹ́ 5.6 fún wákàtí púpọ̀, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Tó bá já sí 5, àwọn kòkòrò tó ń da koríko á máa kú, àwọn tó ń ṣe irú ásíìdì tó ń mú wàrà kan á gba ipò wọn, ara ikùn á sì bó nínú. Ojú egbò yẹn ni àrùn ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀, tó fi ń dé ẹ̀dọ̀, tó ń di oówo níbẹ̀. Màlúù lè gbé oówo ẹ̀dọ̀ kiri títí di ọjọ́ tí wọ́n á pa á, kí olówó ẹ̀ má sì mọ̀, àfi pé kò kún bó ṣe yẹ kó kún.

Ọkà lódidi ló wà ní apá kejì. Èèpo ara hóró le, kòkòrò àìfojúrí ò lè gbà á kọjá. Ibi tí eyín tàbí irin bá ti là á nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọkà bàbà yín fi ń jáde bó ṣe wọlé: hóró rẹ̀ kéré, ó ń yọ́ bọ́ lábẹ́ eyín. Iṣẹ́ tí a ń bẹ ẹ̀rọ kò ju kó la èèpo yẹn lọ. Ohun tó bá lọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, owó lẹ̀ ń san láti fi ra àìsàn fún ẹran. (Ẹ má bá àgbò ṣe irú wàhálà yìí o. Àgùntàn àti ewúrẹ́ ń rún ọkà dáadáa fúnra wọn, wọn ò nílò ẹ̀rọ rárá.)

Ọkà méjèèjì tó wà lọ́wọ́ yín ò sì rí bákan náà. Hóró àgbàdo tóbi, màlúù á rún púpọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tí kò tíì dàgbà tán. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń fún màlúù ní àgbàdo lódidi látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹran wọn sì ń sanra, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí koríko ò pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é. Níbi tí koríko àti pòpórò bá ti pọ̀ bíi tiyín, odidi hóró á máa bá wọn kọjá. Ẹ fọ́ ọ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó tó.

Ọkà bàbà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú hóró rẹ̀, purotéènì líle kan ló yí sítáàṣì ká, tó fi jẹ́ pé bí ẹ tiẹ̀ la èèpo, àwọn kòkòrò á ṣì máa bá a jìjàkadì. Nínú ọkà tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù káàkiri ayé, òun ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ń ṣe láǹfààní jù, òun náà ló sì ń ṣòfò jù tí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kó wẹ́ ju àgbàdo lọ, kó rí bíi gàrí tí kò kúnná, àmọ́ hóró kan ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lódidi. Ohun kan tún wà. Bó bá jẹ́ irú èyí tí ẹyẹ kì í fẹ́ jẹ lóko, tó máa ń fún ẹnu pọ̀, tannin ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń di purotéènì mú kí ẹran má rí i lò. Fífọ́ ò lè mú un kúrò. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dá a mọ̀, nítorí pé ọkà bàbà pupa wà tí kò ní in. Bí tiyín bá ní in, kí àgbàdo kó ìdajì, kí òun kó ìdajì.

Ẹni tó lọ̀ ọ́ fún yín kò ṣẹ̀ yín. Oúnjẹ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lọ̀, àwọn yẹn ò sì jẹ àpọ́jẹ. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá jẹ́ oní-hámà, èyí tó ní àsẹ́ nísàlẹ̀, ẹ ní kó yọ àsẹ́ kékeré kúrò, kó fi èyí tí ihò rẹ̀ tó mìlímítà 6 sí 8 sí i fún àgbàdo, 3 sí 4 fún ọkà bàbà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ onírin méjì tó ń lọ ara wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ ògì, kó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ má sì kó àpò dà sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ lọ kóńgò kan ná, ẹ tú u sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ wò ó, kí ẹ tó ní kó máa lọ. Ọkà tó gbẹ jù máa ń fọ́ di eruku. Bí ẹ bá fẹ́ kí eruku dín kù, ẹ wọ́n omi bíi lítà méje sí mẹ́wàá sí àpò 100 kg lálẹ́, ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, ẹ bò ó mọ́jú. Ẹ̀rọ onírin méjì ni kí ẹ fi lọ irú èyí, torí pé á dí àsẹ́ oní-hámà, ẹ má sì lọ ju ohun tí wọ́n máa jẹ tán ní ọjọ́ kan sí méjì.

Èyí tó ti di èlùbọ́, ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Ẹ ta ìyẹ̀fun rẹ̀ fún àwọn tó ń sin adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀, tàbí kí ẹ máa dà á mọ́ ọkà tó fọ́ dáadáa ní díẹ̀, kó má ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, kí ẹ sì fi omi po gbogbo rẹ̀ mọ́ harawá kó má baà máa fẹ́ sí wọn nímú.

Ẹ béèrè nípa sísè. Sísè ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Omi àti ooru máa ń mú kí sítáàṣì wú kó sì là, bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ, ó sì máa ń rọrùn fún àwọn kòkòrò inú ikùn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò igi ìdáná tí ẹ ó fi se ọkà màlúù mẹ́fà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ ṣírò ẹni tí á máa rò ó, kí ẹ sì rántí pé èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò á ti kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkà sísè tún máa ń yára di ásíìdì ju ọkà tútù lọ. Fún ẹni tí ẹran rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ oúnjẹ nítorí ìyára yìí kan náà, mi ò rí ìdí tí á fi máa ná owó igi kún un.

Rírẹ mọ́jú kàn máa ń mú hóró rọ̀ kí eyín lè gbà á ni. Ọ̀nà rírẹ mìíràn wà tí mo fẹ́ràn fún ọkà bàbà, ẹni tó bá ní dúrọ́ọ̀mù oníke tí ìdérí rẹ̀ ń pa mọ́ dáadáa lè ṣe é. Ní Texas, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkà bàbà bọ́ màlúù tipẹ́tipẹ́, wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹ mú 100 kg ọkà bàbà gbígbẹ, lódidi, ẹ má tíì lọ̀ ọ́. Ẹ da omi bíi lítà 25 sí i, ẹ máa yí i po títí á fi fa gbogbo omi náà mu, ó lè gba odindi ọjọ́ kan. Ẹ wá kì í sínú dúrọ́ọ̀mù kó kún dé ẹnu, ẹ fi ọ̀rá nípọn bò ó, ẹ dé e pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàrin àkókò yẹn, purotéènì líle tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, iye tí wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ bù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí ẹ fún wọn. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ máa ń pàdánù púpọ̀ nínú èrè rẹ̀, torí odidi hóró ni iṣẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni kó má hù. Ọkà bàbà tó bá hù ní oró sáyánáìdì, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Bí ẹ bá rí ehù funfun lára rẹ̀, ẹ má fún ẹran kankan jẹ.

Ní ti fídíò Amẹ́ríkà yẹn, iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe àrà. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe é ní àwọn àgọ́ màlúù ńláńlá ní Texas, Kansas àti agbègbè wọn. Wọ́n á fi ooru omi se hóró fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 60, wọ́n á sì jẹ́ kó gba àárín irin róbótó méjì tó wúwo kọjá, kó jáde pẹlẹbẹ. Sítáàṣì inú rẹ̀ tí màlúù á rí dà lé ní 97 nínú 100. Ti àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n kàn fọ́ máa ń wà ní nǹkan bí 90. Ti ọkà bàbà tilẹ̀ tún jèrè ju ti àgbàdo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn fídíò náà: bọ́ílà, irin tí wọ́n ń tún gbẹ́ nígbà gbogbo, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù lójú kan tí owó náà ń pín sí lára. Màlúù mẹ́fà ò lè gbé e. Ohun kan wà lọ́wọ́ wọn tí mo fẹ́ kí ẹ jí kọ́. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ tín-ín-rín jù. Wọ́n máa ń bu lítà kan nínú rẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fẹ́ kó wà ní nǹkan bíi 350 gíráàmù. Bó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n mọ̀ pé ikùn ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Àwọn tó ní gbogbo ẹ̀rọ ayé náà ń bẹ̀rù kíkúnná.

Iye tí ẹ ń fún wọn ṣe pàtàkì tó bí ẹ ṣe lọ̀ ọ́. Akọ màlúù 250 kg á jẹ nǹkan bíi kílò mẹ́fà sí méje oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Ọkà inú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì kílò. Ẹ máa fi ìlàrin kílò kún un lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, títí á fi dé kílò méjì ààbọ̀, tí í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe é láìsí dókítà ẹran nítòsí. Ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí koríko ti wọnú wọn ṣáájú, kí ọpọ́n ìjẹun gùn tó kí akọ tó lágbára má baà jẹ tirẹ̀ tán kó tún gba ti ẹlòmíì. Bí ẹ kò bá rí ààyè fún wọn láàárọ̀, ẹ má sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lálẹ́. Ẹ sì fi ìwọ̀n gidi wọn kóńgò yín, torí pé kóńgò ìyẹ̀fun àti kóńgò ọkà tó fọ́ ò wúwo bákan náà.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ dárúkọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, òun ni mo fura sí jù. Sítáàṣì tó wà lára rẹ̀ ń yára dà nínú ikùn ju ti àgbàdo lọ. Nítorí náà, ọkà ni kí ẹ kà á sí: bí ẹ bá fún un ní kílò kan èèpo gbígbẹ, ẹ yọ kílò kan nínú ọkà rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkà tí ẹ fún màlúù yẹn kò pọ̀ púpọ̀ rárá, kó jẹ́ pé àpapọ̀ méjèèjì ló gbé e ṣubú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkà yín fọ́ dáadáa, imí ni kí ẹ bi. Ẹ bu díẹ̀ lára imí tútù ti màlúù mélòó kan, ẹ dà á sínú ajọ̀, ẹ rọ omi lé e títí èyí tó rọ̀ á fi ṣàn lọ, ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù. Bí odidi hóró bá pọ̀, ẹ ní kí wọ́n mú ẹ̀rọ fún díẹ̀. Bí ẹ bá rí awẹ́ ọkà tí funfun inú rẹ̀ ṣì wà, ẹ ṣì ń ṣòfò. Èèpo òfìfo nìkan ló yẹ kí ẹ rí. Ní ti imí fúnra rẹ̀, kó dì díẹ̀ nílẹ̀. Bó bá ń ṣàn, tó dà bí eérú láwọ̀, tó ń hó, tó sì ń rùn kíkan, ẹ dín ọkà kù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọkà ò ní kálísíọ́ọ̀mù tó, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ ló pọ̀, akọ màlúù tó bá sì jẹ ẹ́ pẹ́ láìsí àtúnṣe lè ní òkúta nínú ìtọ̀. Kílò kan ìkarahun lílọ̀, irú èyí tí wọ́n ń fún adìẹ, nínú 100 kg oúnjẹ tí ẹ pò á tọ́jú ìyẹn. Kúlíkúlì tàbí èérí ẹ̀kúrọ́, bí ìdajì kílò sí kílò kan fún màlúù kan lóòjọ́, á tọ́jú purotéènì.

Kí ẹ tó lọ ọkà kankan, ẹ wò ó bóyá ó ti bu. Ìgbà tí ọkà bá fọ́ tán ni èébu máa ń ráyè jù, nítorí náà ẹ má lọ ti oṣù kan sílẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ kan ó pọ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo gbẹ, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da àgbàdo sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ti ju 15 nínú 100 lọ, ẹ sá a sí i. Oró èébu tí wọ́n ń pè ní aflatoxin kì í kú bí a bá sè é, lílọ̀ sì ń fọ́n ọn ká inú gbogbo àpò ni. Lóòótọ́, màlúù tó ti ń lọ fún pípa lè fara dà á ju adìẹ tàbí màlúù oníwàrà lọ, òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ gbà á láàyè fún un dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ẹ ò ní ohun tí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n ní Ìsẹ́yìn. Èyí tó bá ti dúdú tàbí tó hewú, ẹ ṣà á dànù.

Nípa owó, irú màlúù tí ẹ rà ní Akínyẹlé lè fi ìdajì kílò sí kílò kan kún ara rẹ̀ lóòjọ́ bí oúnjẹ bá dọ́gba. Ẹ fi iye tí kílò ẹran kan jẹ́ lọ́jà wé iye oúnjẹ ọjọ́ kan tàbí méjì tó mú un wá. Bí àgbàdo bá wọ́n dé ibi tí ìṣirò náà ò fi pé mọ́, ẹ ta àgbàdo, kí ẹ fi èèpo ẹ̀gẹ́ rọ́pò. ILRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí bí a ṣe lè rin ín, ká fún omi rẹ̀ kúrò, ká sì sá a kó gbẹ kíá, kó di oúnjẹ ẹran gidi. Ẹ ra okùn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àyà màlúù, ẹ máa fi wọ̀n wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí àyà rẹ̀ kò bá kún rárá láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọkà ti fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ tà á kí Iléyá tó dé, kí ẹ fi ọkà rẹ̀ bọ́ àwọn yòókù.